Ọjọ́ Méje Tó Kù fún Ohùn Mi

"Ẹ̀gbọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ yín ń gbóná."

Ìbíyẹmí, igbákejì mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọrùn mi, mo gbá ọwọ́ náà dànù. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọ náà o. Inú ló ń bí mi, inú sì ti ń bí mi láti àárọ̀, ẹni tó bá wá sún mọ́ mi nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ nínú rẹ̀.

"Kò gbóná," mo ní. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n pe èèyàn. Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé."

A wà lórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀ Àgbáyé, lórí òkè Ìdànrè. Ìlú mẹ́ta ló wà níwájú wa. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n ń fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kù kí ìlẹ̀kùn tó ṣí fún Ugbólérè, kí n wọlé, kí n sọ̀rọ̀, kí n sì fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì parí rẹ̀. Dúró, tàbí Kó. Tí mo bá ní Dúró, ayé yóò wá mọ odi yí wa ká létí òkun, a ó sì wà níbi tí wọ́n bí wa sí. Tí mo bá ní Kó, wọn yóò fún wa nílẹ̀ lẹ́yìn Oǹdó, a ó di ẹrù, òkun yóò sì gba ìyókù. Tí a kò bá sọ ìkankan, wọn yóò pa orúkọ wa rẹ́ nínú Ìwé Ilẹ̀. Ìlú tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò ní odi, kò sì ní ilẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi múra ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀. Dúró ni.

Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn mi dúdú, kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ, iná aláwọ̀ ewé kan sì wà nínú rẹ̀. Iná yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń tàn, ohun tí mo bá sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ, kálukú ní èdè tirẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá pé ogún ọdún, ó parí. Àwọn àgbà ti ní ohùn tiwọn rí, wọ́n lò ó, a sì rí ibi tí wọ́n bá ayé dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti pé ogún ọdún, ẹ̀yìn dígí ni àyè rẹ̀. Ó lè wò, ó lè gbọ́, ó lè lu dígí náà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ.

Ìwé ìbí mi ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí ni mo máa pé ogún ọdún. Òní ni ọjọ́ kejìlá. Ó ku ọjọ́ méje. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn, òun náà ló sì wà nínú ìlẹ̀kẹ̀.

Ohun tí ìyá àgbà mi sọ láàárọ̀ yìí yàtọ̀ sí i.

Mo ń wọ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Màmá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo Ugbólérè mọ̀ wọ́n sí, torí pé àwọn nìkan lobìnrin tó ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì lágbègbè wa. Wọn kì í sábà pè mí. Wọ́n ní ojú tí mo ní nínú fóònù kì í ṣe ojú mi.

"Fẹ́yìṣará, kúnlẹ̀."

"Màmá, mo ti ń lọ o. Òní ni wọ́n máa pè wá."

"Mo ní kí o kúnlẹ̀. Ta ló gé ìwọ́ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tí n kò bá súre fún ọ lónìí, ọjọ́ wo lo fẹ́ kí n súre?"

Mo kúnlẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Nílùú wa, lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé ogún ọdún gan-an, ẹni tó gé ìwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ súre fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn rò pé arúgbó ti ṣi ọjọ́ kà ni.

"Màmá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ọjọ́ kọkàndínlógún."

Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ọmọ yìí! Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Òun ni akọ̀wé ìjọ máa ń kọ sínú ìwé. Ta ló ń kọ ọmọ tí kò tíì lórúkọ sílẹ̀? Kí ló máa pè é? Ọjọ́ kejìlá ni mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà ọ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, omi ti wọlé dé ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá a padà. Ṣé mo lè gbàgbé ìyẹn?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Wọ́n súre ẹ̀mí gígùn, wọ́n súre ọkọ, wọ́n súre ọmọ, wọ́n ní omi kò ní gbé mi lọ. Àmín ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n etí mi ti di.

Bí gbogbo wa ṣe wà ní Ugbólérè nìyẹn. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ la ń pè ní ọjọ́ ìbí. Òun la ń ṣe ní ọdọọdún, òun la sì ń sọ tí wọ́n bá bi wá. Kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ọjọ́ méje, ta ló máa ṣírò rẹ̀? Èmi rèé tí mò ń ṣírò rẹ̀ lórí ìlà, tí òógùn ń ṣàn nídìí etí mi nínú ọyẹ́ òkè Ìdànrè.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé, ká ní wọ́n dìbò lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wàhálà yìí kò ní sí. Oṣù tó kọjá ni. Wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Lónìí, wọ́n á ní iná gbọ̀ngàn kò dára. Lọ́la, wọ́n á ní ìwé kan sọ nù. Lóòótọ́, a gba ohùn lọ́wọ́ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n a gbàgbé láti gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, wọ́n ń ṣí i, àwa sì ń dàgbà lẹ́nu ọ̀nà.

"Di ipò wa mú," mo sọ fún Ìbíyẹmí. "Mò ń bọ̀."

Mo lọ bá Bàbá Lẹ́mikàn níbi ìlà pupa tí àgbà kò gbọdọ̀ kọjá. Bàbá Lẹ́mikàn ni ìlú fi ṣe olórí àwa tí wọ́n rán wá síbí. Àwọn ló kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró, bí mo ṣe máa mí, ibi tí mo ti máa gbóhùn sókè. Wọ́n wọ fìlà aláwọ̀ búlúù wọn, wọ́n ń jẹ obì.

"Bàbá, Màmá mi pè mí láàárọ̀."

"Wọ́n súre fún ọ, àbí? Yóò ṣẹ."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ìwé ìbí tèmi náà, ọjọ́ orúkọ ló wà níbẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé mo pé ogún ọdún lónìí, ẹ sì jẹ́ kí n wọ ìlẹ̀kẹ̀ yìí wá síbí?"

"Rọra sọ̀rọ̀." Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n gbé ẹnu ìlú fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ ju ohun tí a kọ sínú rẹ̀ lọ. Ìwé ní ó ku ọjọ́ méje. Wọlé, sọ ohun tí a rán ọ, jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè pé ọgọ́ta ọdún tó bá wù ọ́."

"Ẹ rántí erékùṣù Mòòrí, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọmọ wọn fi lé. Wọ́n pa orúkọ wọn rẹ́."

"Ìyẹn ní irùngbọ̀n! Ta ni kò ní fura sí ẹni tó ní irùngbọ̀n?" Wọ́n tu èérún obì dànù, ohùn wọn sì rọ̀. "Fẹ́yìṣará, ìyá rẹ wà nínú ilẹ̀ yẹn. Bàbá mi wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá kó wa, omi ló máa sùn lórí wọn. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò fẹ́ kí omi sùn lórí ìyá mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí a sin wọ́n, èmi ni mo gbé àgbélébùú igi kékeré yẹn lọ sí ibojì, ó sì wúwo fún mi. Dúró ni èmi náà fẹ́. Bàbá kò fi ipá mú mi.

Nígbà tí mo padà sórí ìlà, ó ti ku ìlú méjì níwájú wa.

Obìnrin tó ń yẹ ọjọ́ orí wò sì ti ń bọ̀. Aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, iná eegun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í yẹ gbogbo èèyàn wò. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló máa ń mú, ẹni tó bá sì wù ú ni. Tó bá tan iná yẹn sí ọrùn ọwọ́ èèyàn, gbogbo eegun á hàn ketekete, ẹ̀rọ á sì sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Eegun kò mọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ó dúró níwájú wa.

"Ugbólérè. Ta ló ni ohùn?"

"Èmi ni, mà."

"Igbákejì ńkọ́?"

"Èmi ni, mà," Ìbíyẹmí dáhùn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Obìnrin náà wo ọrùn mi. Ó wo iná inú ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbé iná eegun rẹ̀ sókè, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ti ń jáde lọ bá a fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ olè. Ló bá yí padà, ó di ọmọkùnrin tó wà níwájú mi mú. Eegun ọwọ́ ọmọ náà tàn funfun. Ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá lọ sẹ́yìn.

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ọ̀nà ti ṣí. Ìlẹ̀kẹ̀ ń tàn, ìwé dúró sí ẹ̀yìn mi, ẹni tó lè mú mi ti kọjá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ìlẹ̀kùn máa ń bi èèyàn kó tó wọlé, ẹnu lásán la sì fi ń dáhùn rẹ̀.

Mo wo Ìbíyẹmí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló tíì lò ní Ìdànrè. Òun ni àwọn ọmọ ilé-ìwé Ugbólérè yàn ní igbákejì mi. Láti ọjọ́ tó ti dé, iṣẹ́ tí mo fún un kò ju kó gbé omi àti ìwé mi lọ.

"Ká ní ìwọ lo máa wọlé," mo bi í, "kí lo máa sọ?"

Kò tiẹ̀ ronú. "Kó."

"Kí lo wí?"

"Kó ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló kọ́ ẹ? Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yẹn? O fẹ́ kí ìlú ẹ parẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi." Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò mì. "A dìbò. Gbogbo àwa ọmọ ilé-ìwé jókòó sínú ọkọ̀ Màmá Ọlọ́kọ̀ torí pé omi wà nínú kíláàsì, a sì dìbò níbẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Kó. Méjì ní Dúró."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "A kọ lẹ́tà sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Lẹ́tà. Ẹ gbà mí o. Mo mọ àwọn lẹ́tà náà. Inú ìwé ilé-ìwé wọn ni wọ́n ti fà á ya, wọ́n ya àwòrán ẹja àti ọkọ̀ sí etí rẹ̀. Mo rí ti àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Mo wá fáìlì kan, mo kọ "Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọdé" sí i lára, mo kó gbogbo wọn sínú rẹ̀. Mo ní màá kà á tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Èmi tí mo dúró nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́dún tó kọjá, tí mo pariwo mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn dígí pé wọn kì í ka ìwé tí a bá kọ sí wọn! Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ náà lójú mọ́. Mo wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ti bọ́ bàtà kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì họ ọrùn ẹsẹ̀ náà. Àpá kan yí i ká, ó dúdú, ó ki, ibì kan nínú rẹ̀ ṣì pọ́n.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Okùn ni."

"Okùn kí ni?"

"Okùn oorun." Ó rò pé mò ń dán òun wò ni. "Èyí tí wọ́n fi ń so wá mọ́ òpó tí a bá fẹ́ sùn. Kì í ṣe ẹ̀yin náà ni?"

Wọn kò so mí rí. Nígbà tí mo wà nílé, omi máa ń wọlé, a máa ń gbá a jáde, a máa ń sùn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lókè yìí, lórí àpáta, tí mò ń sọ fún gbogbo ayé bí àwa ọmọ Ugbólérè ṣe ń gbé.

"Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn ti Àńjọ̀ọ́rìn. Àbúrò mi." Ó wọ bàtà rẹ̀ padà. "Ẹ̀gbẹ́ mi ló sùn sí. Nígbà tí mo jí, omi wà níbẹ̀, òun kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ká máa so ara wa. Ó máa ń dùn èèyàn tí omi bá ń fà á, ṣùgbọ́n èèyàn á mọ̀ pé òun ṣì wà nílé."

Bàbá Lẹ́mikàn máa ń fi ìròyìn ìlú ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Mo rántí ti oṣù yẹn dáadáa. "Omi dé, àdánù díẹ̀ wà." Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Mo ti ka gbólóhùn yẹn jáde nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Ọdún mélòó ni àbúrò ẹ?"

"Mẹ́fà."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ìlú kan ṣoṣo ló kù níwájú wa, ọmọkùnrin yẹn sì ti wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú, ó ń gbọ̀n.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nínú ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn, torí pé lẹ́yìn ọjọ́ náà àwọn kan ń sọ pé mo ṣe bí ẹni mímọ́. Irọ́ ni. Ìyá mi ni mò ń rò. Mo ní bí mo bá wọlé, mo lè sọ ti okùn náà fún wọn, kí n sì tún sọ pé Dúró. Mo lè ní kí wọ́n tètè mọ odi náà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ọmọ yìí lọ. Tó bá débẹ̀, ó lè bú sẹ́kún. Ó lè gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ó lè dákẹ́ títí ìṣẹ́jú mẹ́fà á fi tán, kí wọ́n sì pa wá rẹ́. Ìlú odindi! Ta ló máa fi ìlú odindi lé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́?

Mo wá gbọ́ ara mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá Lẹ́mikàn ni, láìyọ ẹyọ kan.

Aago lù.

"Ugbólérè," ìlẹ̀kùn náà pè. Ohùn obìnrin ni, ó tutù, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé. "Ẹni tó ni ohùn, ṣé o kò tíì pé ogún ọdún?"

Mo gbójú sókè. Bàbá Lẹ́mikàn ti dé ẹ̀yìn dígí. Wọ́n rọra mi orí sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó ni ohùn, ṣé o kò tíì pé ogún ọdún?"

"Mo ti pé e," mo ní. "Láàárọ̀ yìí."

Iná ọrùn mi kú. Ẹ ò mọ bó ṣe rí. Ọdún mẹ́ta ni iná yẹn ti ń tàn sí mi lágbọ̀n. Mo rí Bàbá Lẹ́mikàn tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lu dígí, ẹnu wọn là, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ohùn ti kú lẹ́nu ọ̀nà," ìlẹ̀kùn ní. "Òfin ní igbákejì ló ni ín. Ìṣẹ́jú àáyá ogún."

Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo fi sí Ìbíyẹmí lọ́rùn. Ó gùn jù fún un, ó balẹ̀ sí i láyà. Kò tàn.

"Sọ orúkọ ẹ. Kò ní tàn tí o kò bá sọ orúkọ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe é." Ojú rẹ̀ ti kún fómi. "Mo rò pé gbígbé omi ni mo wá ṣe."

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò lójú gbogbo àgbáyé, kò sì tì mí lójú. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, níbi tí àpá yẹn wà. "Ìwọ ni wọ́n ń so," mo ní. "Wọn ò so mí rí. Jọ̀ọ́, sọ orúkọ ẹ."

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin."

"Ìbíyẹmí Ọmọ́táyọ̀," ó ní. "Ugbólérè."

Ó tàn. Ìlẹ̀kùn ọ̀tún ṣí fún un, ti òsì ṣí fún mi.

Òtútù wà lẹ́yìn dígí, àga ibẹ̀ sì rọ̀ jù. Bàbá Lẹ́mikàn kò wò mí.

"O ti pa wá," wọ́n ní.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ, Bàbá."

Tábìlì ga dé àgbọ̀n Ìbíyẹmí. Orí rẹ̀ nìkan la rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dúró níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan, aago ń kà. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí kan sún mọ́ tábìlì, ó gun orí rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì Ìgbìmọ̀ Àgbáyé.

"Okùn ni wọ́n fi ń so wá sùn," ó ní. "Wọn kò so àbúrò mi. Ẹ má bínú pé mo gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì yín."

Ẹ̀rín dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i bó ṣe tán. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá yí ojú sí dígí, ó ń wá mi. Nígbà tó rí mi, ó gbé ojú sókè bí ọmọ tó ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ṣé kí òun mú un.

Ẹ má rò pé mo ti di ẹni rere lójijì. Ẹnu mi ti là. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, Dúró, tí mo fi ọdún mẹ́ta múra rẹ̀. Kò ní gbọ́ mi, ṣùgbọ́n ó lè kà á lẹ́nu mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá Lẹ́mikàn kò lu dígí mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń dúró dè.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo yí ẹ̀yìn padà sí dígí, kí ọmọ náà má bàa rí ojú mi.

Ó pẹ́. Mo ń ka aago. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ.

"Kó," Ìbíyẹmí sọ. "Àwa ọmọ Ugbólérè ní Kó."

Bàbá Lẹ́mikàn ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n sì sunkún. Mo jókòó tì wọ́n. Èmi náà sunkún, mo sunkún ìyá mi bíi pé àná ni wọ́n kú. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo pe Màmá Ọlọ́kọ̀. Ariwo omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ohùn wọn.

"Màmá, wọ́n ti dìbò. Kó ni."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Àwọn ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti dàgbà."

Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Mo rò pé wọ́n máa bi mí nípa ibojì ọmọ wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ nǹkan nílẹ̀, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀.

"Màmá? Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wá ohun tí a máa fi di ẹrù," wọ́n ní. "Okùn wà. Okùn àwọn ọmọ pọ̀ nílé."